Ládòkè Akíntọ́lá àti Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ ní Kàdúná

Bí a bá dárúkọ Olóyè Sámúẹ́lì Ládòkè Akíntọ́lá láàrin wa, kíá ni àríyànjiyàn máa ń bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan á ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Àwọn kan á ní ọlọ́gbọ́n tí ó rí ọ̀la kí ọ̀la tó dé ni. Àwọn mìíràn kò mọ̀ ju àwàdà àti ẹnu dídùn rẹ̀ lọ. Èmi kò wá dá ẹjọ́ náà lónìí. Apá kan nínú ayé ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ kí a jọ wò, èyí tí ó kan àwa tí a wà ní Òkè Ọya gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mo ń sọ: àwọn tí ó ní, àwọn tí ó pàdánù, àti ẹni tí ó kù ú kù nígbà tí ilé kò gbà á mọ́. Ìlú Kàdúná yìí ni ó wá ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ikú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni ó wá rí.

Oṣù Keje ọdún 1910 ni wọ́n bí Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀, Akíntọ́lá Akínbọ́lá. Ẹni tí ó bá mọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé wọn kì í jókòó sójú kan. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé ni wọ́n ti ń gbé ẹrù lọ sí Mínà, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Kánò, kódà wọ́n dé ilẹ̀ Góòlù Kóòsì tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ibi tí wọ́n bá sì dé, bí wọ́n bá ti pàtẹ ọjà tán, ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ló kàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó wà ní Òkè Ọya títí di òní, àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ni ó fi ìdí wọn múlẹ̀.

Ní ọdún 1914, bàbá Ládòkè kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Mínà. Ọmọ ọdún mẹ́rin péré ni ọmọ náà. Mínà ìgbà náà kì í ṣe ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀nà irin tí ó ti Èkó bọ̀ àti èyí tí ó ti Bárò bọ̀ ti pàdé kí wọ́n tó jùmọ̀ kọrí sí Kàdúná àti Kánò. Yorùbá ń bẹ níbẹ̀, Nupé tí àwọn bàbá wa ń pè ní Tápà ń bẹ níbẹ̀, Haúsá ń bẹ níbẹ̀, Gbàgyí tí wọ́n ni ilẹ̀ náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ilé ìwé ìjọ CMS ni wọ́n fi Ládòkè sí. Kò pẹ́ tí ó fi ń sọ Haúsá bí ọmọ Haúsá, tí ó sì ń sọ Nupé pẹ̀lú. Àwa tí wọ́n bí sí Tudun Wada, Kawo tàbí Sabon Gari kò nílò àlàyé lórí èyí. Èdè tí ọmọ bá fi ṣeré òṣùpá, tí ó fi jà, tí ó sì fi bẹ ẹlòmíràn pé kó má bínú, kì í tán lẹ́nu rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́jọ ni ó lò níbẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1922, lọ́dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹnì kejì há a láàrin. Ọdún 1910 yẹn kan náà ni ìwé ọ̀pọ̀ òpìtàn fi sí pé wọ́n bí Ahmadu Bello ní Rábà, ní ilẹ̀ Sókótó, nínú ìdílé Ṣéù Usman dan Fodio. Ọmọ ọba ni tirẹ̀, kì í ṣe ọmọ oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀nà àwọn méjèèjì ṣe jọra. Ládòkè lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1925, ó di tíṣà ní Baptist Academy ní Èkó ní 1930. Ahmadu Bello lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina, ó di tíṣà ní Sókótó ní 1931. Ọ̀kan ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé ní etí òkun, èkejì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé ní etí aṣálẹ̀, wọn kò sì mọ ara wọn. Ní 1938 ni wọ́n fi Ahmadu Bello jẹ oyè Sardauna.

Ọdún méjìlá ni Akíntọ́lá fi ṣe tíṣà ní Èkó. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí ó gbé Fadérera níyàwó ní 1935, nọ́ọ̀sì ni ìyàwó náà. Ó ṣiṣẹ́ rélùwéè díẹ̀, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí H. O. Davies àti Ernest Ikoli wà nínú rẹ̀, ó di olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service, ó sì dá Ìròyìn Yorùbá sílẹ̀ kí àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè mọ ohun tí ń lọ. Èyí nìkan tó ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa máa rántí rẹ̀ fún, ká ní kò ṣe nǹkan kan mọ́. Ní 1946 ó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà lọ sí ìlú Ọba, ó di lọ́yà ní 1950.

Nígbà tí ó dé, òun àti àwọn lọ́yà méjì, Chris Ògúnbánjọ àti Michael Ọdẹ́sànyà, pa ọwọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ amòfin sílẹ̀ ní Èkó. Orúkọ tí wọ́n fún un ni mo fẹ́ràn jù. Wọn kò lo orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni nínú wọn, orúkọ ìrìbọmi wọn ni wọ́n kọ sára pátákó: Samuel, Chris and Michael. Akíntọ́lá fi ọdún mẹ́tàlá ju Ògúnbánjọ lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀gbọ́n tí ó fi ọdún mẹ́tàlá ju ènìyàn lọ kì í ṣe ẹni tí à ń pè ní Samuel. Síbẹ̀ báyìí ni wọ́n kọ orúkọ wọn sí ìta gbangba, bí ọmọ ilé ìwé mẹ́ta tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan.

Ìṣèlú ni ó kó o kúrò níbẹ̀. Ó wọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Nígbà tí Olóyè Bọ̀dé Thomas kú lójijì ní oṣù Kọkànlá 1953, Akíntọ́lá ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì olórí ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nǹkan kan ti wáyé lọ́dún kan náà tí ó yẹ kí a dúró lé lórí.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1953, Anthony Enahoro dá àbá ní ilé aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣòfin Òkè Ọya, tí Sardauna ṣáájú wọn, kò fara mọ́ ọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé gúúsù yóò gùn wọ́n lẹ́ṣin. Nígbà tí wọ́n jáde, èrò Èkó hó lé wọn lórí, wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Sardauna kò gbàgbé ọjọ́ náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1962. Kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn èyí tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ pinnu láti rán ikọ̀ lọ sí Òkè Ọya kí wọ́n lọ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìjọba ara ẹni fún àwọn ènìyàn. Ta ni wọ́n fi ṣe olórí ikọ̀ náà? Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ tí ó dàgbà ní Mínà, tí ó gbọ́ Haúsá. Ẹnikẹ́ni ì bá rò pé òun gan-an ni iṣẹ́ náà tọ́ sí. Ó yí padà di jàǹbá. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ìpàdé tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Kánò ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ ní Sabon Gari ibẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi jà. Ènìyàn 36 ni ìjọba kà pé ó kú, àwọn tí ó fara pa lé ní 200. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kú kò mọ Enahoro, wọn kò mọ Akíntọ́lá. Oníṣòwò ni wọ́n, aláàárù, ẹni tí ó jókòó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Èmi kò lè sọ ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ṣe fún ọkàn Akíntọ́lá. Ṣùgbọ́n a lè wo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Abubakar Tafawa Balewa di olórí ìjọba àpapọ̀ ní 1957, tí ó sì pe gbogbo ẹgbẹ́ sínú ìjọba rẹ̀, Akíntọ́lá wà lára àwọn tí ó bá a jókòó gẹ́gẹ́ bí mínísítà ìbánisọ̀rọ̀ àti ọkọ̀ òfurufú. Fún ọdún méjì ni òun àti àwọn ará Òkè Ọya fi jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí tábìlì kan. Ní oṣù Kejìlá 1959, Awólọ́wọ̀ lọ di olórí alátakò ní Èkó, Akíntọ́lá sì di Pírẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn. Sardauna ti jẹ́ Pírẹ́míà Òkè Ọya láti 1954. Báyìí ni àwọn tíṣà méjì ìgbà náà ṣe di ẹlẹgbẹ́, ọ̀kan ní Ìbàdàn, èkejì ní Kàdúná. Òfin tí ó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ jáde lábẹ́ Akíntọ́lá ní 1961, Sardauna sì dá ti Zaria sílẹ̀ ní 1962.

Ìjà òun àti Awólọ́wọ̀ ti di ohun tí gbogbo ayé gbọ́, n kò ní fi gbogbo ojú ewé wa rò ó. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé Akíntọ́lá fẹ́ kí Yorùbá bá Òkè Ọya dọ́rẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì pín nínú ohun tí ìjọba àpapọ̀ ń pín. Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ dúró sí ipò alátakò, kí ó máa wá ọ̀nà tí yóò fi gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, oṣù Kejì 1962, aṣọ ya. Ní oṣù Karùn-ún, Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ ọ́ nípò, wọ́n fi Alhaji Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ilé aṣòfin jókòó ní ọjọ́ 25, àga ń fò, ọlọ́pàá ń yin tajútajú. Ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìlú kò fararọ, wọ́n sì fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó fún oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ kìíní ọdún 1963 ni Akíntọ́lá padà sórí àga. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ ni ọ̀nà Kàdúná ti di ọ̀nà tí Akíntọ́lá ń tọ̀ léraléra. Ẹ wò ó dáadáa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò nìkan. Ọkùnrin yìí ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Àwọn tí ó bá ṣe ọ̀dọ́ ní Èkó ti di ọ̀tá rẹ̀, tàbí wọ́n ti fà sẹ́yìn. Ní ìlú tirẹ̀, bí ó bá la ẹnu, àwọn kan á rẹ́rìn-ín nítorí ẹ̀dà ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn kan á tutọ́. Ṣùgbọ́n ní Kàdúná, ó lè sọ èdè tí ó fi ṣe ọmọdé, ó sì lè sọ ọ́ fún ẹni tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Lójú tèmi, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré fún àgbàlagbà. Sardauna náà rí ohun tirẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn olóṣèlú gúúsù kò lè kí i ní èdè rẹ̀ tán, àmọ́ ẹni yìí lè bá a ṣàwàdà nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní ọ̀rẹ́ àjọjẹ lásán ni. Wọn kò ṣì í pátápátá. Ní 1964 ni ẹgbẹ́ tuntun Akíntọ́lá, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Dẹ́mọ, da ọwọ́ pọ̀ mọ́ NPC ti Sardauna láti jọ du ìbò, olúkúlùkù sì mọ ohun tí ó ń wá. Ọdún yẹn náà ni Aláàfin fi Akíntọ́lá jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ilẹ̀ Yorùbá, ìkẹtàlá irú rẹ̀. Láti ìgbà tí Látòósà ti kú ní 1885 kò tíì sí ẹni tí ó jẹ ẹ́. Oyè ológun ni. Ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú wọn ni ó kú ikú ìrọ̀rùn. Àwọn alátakò rẹ̀ kò ṣàì rántí Àfọ̀njá, Kakaǹfò Ìlọrin, tí ó fi Fúlàní ṣe ọ̀rẹ́ nígbà tí òun àti Ọ̀yọ́ ń jà, tí àwọn ọ̀rẹ́ náà sì gba ẹ̀mí àti ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Àfiwé náà le jù, nítorí Sardauna kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ Akíntọ́lá. Ṣùgbọ́n ó dun àwọn ènìyàn, ohun tí ó bá sì dun ènìyàn kì í gbọ́ àlàyé.

Níbi tí èmi rò pé Akíntọ́lá ti ṣìnà nìyí: ó fi ọ̀rẹ́ ẹni méjì dípò ìfẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìbò Ìwọ̀-Oòrùn wáyé ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1965. Èrú inú rẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́, wọ́n sì kéde pé Dẹ́mọ ló wọlé. Àwọn ènìyàn dá a lóhùn pẹ̀lú epo bẹntiróò. Wẹ́tìẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ilé ń jó, ènìyàn ń jó, láti Ìbàdàn dé Ìlẹ́ṣà, dé Mushin. Gbogbo ìkíni Kàdúná kò lè pa iná yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé oṣù Kìíní ọdún 1966. Ní Kàdúná níhìn-ín, Méjọ̀ Chukwuma Nzeogwu ń kó àwọn ọmọ ogun jáde lóru fún ìdánrawò tí wọ́n ń pè ní Damisa, èyíinì ni ẹkùn ní èdè Haúsá. Àwọn ará ìlú ti mọ́ ìró rẹ̀ lára. Nzeogwu náà, ọmọ Kàdúná ni. Ibí ni wọ́n bí i sí ní 1937, àwọn òbí rẹ̀ ti Okpanam wá, wọ́n fi orúkọ ìlú náà kún orúkọ rẹ̀, ó sì gbọ́ Haúsá bí omi. Ìyàlẹ́nu gbáà ni fún mi nígbàkúùgbà tí mo bá rò ó. Òun àti Akíntọ́lá, ọmọ àjèjì tí Òkè Ọya tọ́ ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan fi èdè tí ó kọ́ níbẹ̀ bá Sardauna dọ́rẹ̀ẹ́.

Sardauna ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Saudi Arabia dé láti ibi Umra. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kìíní, Akíntọ́lá wọ bàálù wá bá a ní Kàdúná. Ohun tí ọ̀pọ̀ òpìtàn kọ ni pé ó wá kì í nílọ̀ ni, pé òun gbọ́ pé àwọn ológun ń gbìmọ̀, àti pé Sardauna kò ka ọ̀rọ̀ náà sí ohun tí ó yẹ kí òun sá fún. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n dágbére. Akíntọ́lá wọ bàálù padà sílé lọ́jọ́ náà. Kò sá lọ sí ìlú mìíràn.

Lóru ọjọ́ yẹn, Nzeogwu àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ya wọ ilé Sardauna, wọ́n pa á. Ìyàwó rẹ̀ Hafsatu bá a lọ. Ní Kàdúná yìí kan náà ni wọ́n ti pa Bìrìgédíà Samuel Adémúlẹ́gùn, ọmọ Oǹdó tí ó ń darí ọmọ ogun ní Òkè Ọya, pẹ̀lú Latifat ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì pa Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ralph Ṣódẹ̀ìndé. A kì í sábà dárúkọ àwọn wọ̀nyí bí a bá ń sọ ìtàn òru náà, ọmọ Yorùbá sì ni wọ́n. Ní Ìbàdàn, Kápútẹ́ẹ̀nì Nwobosi àti ikọ̀ rẹ̀ tí ó ti Abẹ́òkúta wá kọ́kọ́ gbé Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé, igbákejì Akíntọ́lá, wọ́n kò pa á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Kò jáde tọ̀ wọ́n wá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó gbé ìbọn, ó yìn ín títí tí ọta fi tán lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó pa á. Ẹni ọdún 55 ni Sardauna, ẹni ọdún 55 ni Akíntọ́lá. Ọdún kan náà ni wọ́n wá, òru kan náà ni wọ́n lọ. Kò sí èyí tí ó rí ọjọ́ alẹ́ nínú wọn, pé kí ó jókòó sábẹ́ igi kí ó máa rántí èkejì.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Yakubu Gowon tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ní Kàlàbá. Ó lo ohun tí ó lé ní ogún ọdún mìíràn láyé. Ilé tí Sardauna gbé ní Kàdúná di Arewa House ní 1970, ilé ìwádìí ìtàn tí ó wà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè wọ ibẹ̀ lọ kàwé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n fi orúkọ Akíntọ́lá sọ yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990.

Àwọn mẹ́ta tí wọ́n kọ orúkọ ìrìbọmi sára pátákó ní Èkó ńkọ́? Michael di adájọ́. Chris, àbúrò wọn, kò tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé ìjọba. Ó gbájú mọ́ òfin ilé iṣẹ́ ńláńlá, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn lọ́yà tí àwọn oníṣòwò Nàìjíríà ń wárí fún jù lọ. Ó gbẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọdún 57. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2023 ni Olóyè Chris Ògúnbánjọ tẹ́rí gbaṣọ, oṣù méjì ó lé díẹ̀ ni ó kù kí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún.